Àwọn Aláṣọ Pupa Orí Yìnyín

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ilé oúnjẹ fi ń fa oníbàárà. Ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni ẹ ti máa bá òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n tó ń fi igi gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín, họ́kì ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi ló ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n bàbá mi ló ni tẹlifíṣọ̀n, ìkànnì tó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti san owó rẹ̀ kò ní bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó, àwọn aláṣọ pupa borí. Bàbá mi ní ẹgbẹ́ òun nìyẹn. Láti ìgbà náà, wọn ò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n pàdánù. Àgbàlagbà tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, aṣọ wọn ki bíi tìmùtìmù, wọ́n á sáré, wọ́n á ṣubú, wọ́n á wá máa lu ara wọn.

Ìyá mi á ní, "Bàbá Tólú, ṣé iṣẹ́ nìyí? Ewúrẹ́ inú ẹrẹ̀ mọ ìdúró jù wọ́n lọ."

Màlámù Sani, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, á ní, "Haba, Baba," kí bàbá mi kúkú wá ẹgbẹ́ mìíràn. Kò gbà.

Lọ́jọ́ tí kípà wọn fi ìdí ti nǹkan dúdú náà wọ àwọ̀n ara rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi gba imú mi jáde. Bàbá mi ní kí n lọ fọ gbogbo àwo, nínú ọyẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, pẹ̀lú omi tó ń ta bí abẹ́rẹ́. Kí n tó fọ̀ ọ́ tán, wọ́n ti pàdánù.

Nígbà tí oníbàárà ń dín kù, ìyá mi ní bí wọ́n bá pàdánù ìdíje tó kẹ́yìn ní sáà náà, kí tẹlifíṣọ̀n kúrò. Bàbá mi gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìdúró ló fi wò ó dópin. Méje sí òdo. Ó yọ wáyà, ó fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi bu oúnjẹ fún un, ó fi ẹran méjì sí i, ó ní, "Ẹ jẹun."

Ó jẹ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n á ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lónìí, inú fóònù ni ọmọ mi ti ń wo gbogbo eré, ó sì ti pààrọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Mo bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹgbẹ́ wo ló ń tẹ̀lé báyìí.

Ó ní, "Mummy, make I first see who go win."

Àwọn aláṣọ pupa ò wúlò rárá, mo ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ yìí wé bàbá mi, kó jọ̀ọ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀.