Ọkọ̀ Kékeré Tí Kò Ní Dókítà

Àmì ẹrù mẹ́fà ni mò ń kọ orúkọ sí lórí itan mi, lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló ni ẹrù náà, ó sì ní kí n dúró de òun. Mo ti kọ ìkẹrin tán, mò ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kí yíǹkì má baà ràn, nígbà tí ọmọbìnrin tó ń pín oògùn pe orúkọ kan tí mo mọ̀. Mo gbójú sókè. Bàbá Oyèlẹ́yẹ ló dìde.

"Abẹ́ ahọ́n ni o, Bàbá," ni ọmọbìnrin náà sọ láti ojú fèrèsé. "Bí àyà bá ti ń fún yín báyìí, ẹ fi ẹyọ kan sábẹ́ ahọ́n. Ẹ má gbé e mì."

Bàbá ki ìgò kékeré náà bọ àpò bùbá wọn. Bí wọ́n ṣe yí padà, ojú wa ṣe mẹ́rin.

"Orí ló ń fọ́ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọkọ̀ òkun kan tí èmi gan-an bá Bàbá yàn yóò gbéra ní Àpápá pẹ̀lú Bàbá àti ìyàwó wọn nínú rẹ̀. Kò sí dókítà nínú ọkọ̀ náà.

Ọ́fíìsì tó ń báni ṣètò ìrìn àjò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1988. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù ni a ń tà jù. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a máa ń rí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun kó lè fi najú. Èmi ni wọ́n máa ń darí irú wọn sí, nítorí n kì í kánjú. Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé irú ọkọ̀ wo ló fẹ́, nítorí èyí tó dára ni gbogbo ènìyàn yóò ní àwọn fẹ́. Ó ní kí n béèrè ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí bí wọ́n bá lọ síbi ìgbéyàwó, kí n béèrè bóyá oorun máa ń kùn wọ́n nílé onílé, àti bóyá wọ́n lè jẹ oúnjẹ tí wọn kò mọ ẹni tó sè é. Ẹni tó fẹ́ràn èrò àti ariwo, ọkọ̀ ńlá ni tirẹ̀. Ẹni tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó fẹ́ fara balẹ̀ wo nǹkan, ọkọ̀ kékeré ló yẹ ẹ́, nítorí ọkọ̀ kékeré a máa wọ ẹnu odò tí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́. Mo ti ṣì í ṣe rí. Mo fi oníṣòwò aṣọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ sínú ọkọ̀ elérò méjìlá. Nígbà tó dé, ó ní òyìnbó mẹ́sàn-án ni òun bá níbẹ̀, ìwé ni gbogbo wọn ń kà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó wá ku díẹ̀ kí òun máa bá àwo oúnjẹ tàkúrọ̀sọ.

Ìdí kan wà tí wọn kì í fi í gbà ju èrò méjìlá lọ. Bí èrò kò bá ti ju méjìlá, òfin òkun kò fi dandan mú ọkọ̀ láti gbé dókítà. Nítorí náà ni fọ́ọ̀mù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ní ibi tí èrò ti gbọ́dọ̀ sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ ti ṣe tíṣà jọ́gíráfì fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èmi náà jókòó ní kíláàsì wọn. Wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya etí òkun láti Èkó dé Dàkáà láìwo ìwé, síbẹ̀ wọn kò wọ ọkọ̀ òkun rí. Káyọ̀dé, ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó, ló ní kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni. Ọkọ̀ kékeré bá wọn mu bí ẹ̀wù tí télọ̀ wọ̀n. Nígbà tí mo dé ibi ìlera nínú fọ́ọ̀mù, mo dá bírò dúró. Báwo ni n ó ṣe bi ẹni tó kọ́ mi níwèé pé àìsàn wo ló ń ṣe wọ́n? Mo ní, "Ṣé ara le, sà?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọn le. Mo kí wọn ni, wọ́n sì dá mi lóhùn. N kò béèrè nǹkan kan.

Mo kọ àmì ẹrù méjì tó kù, mo kó gbogbo wọn fún nọ́ọ̀sì náà. Nígbà tí mo jáde, Bàbá ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. A jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà padà sí Ọ̀yọ́. Kó tó gbéra, wọ́n ra mángòrò mẹ́rin, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Wọn kò ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà kì í bẹ ọmọdé pé kó pa ẹnu mọ́, nǹkan ló máa ń fún un. Jálẹ̀ ọ̀nà, wọ́n ń ka orúkọ èbúté fún mi: Lòmé, Tẹ́mà, Fìrítáùn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà yóò wọ ẹnu odò Gáḿbíà, àwọn yóò sì rí igi etí odò bí ẹni ń rí igi ẹ̀yìnkùlé. N kò lè jẹ mángòrò náà. Bàbá tó bí mi lo irú oògùn abẹ́ ahọ́n yẹn títí tí wọ́n fi kú, mo sì mọ̀ pé ọkàn ló wà fún.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó bi mí bóyá mo ti di dókítà. Ó ní Bàbá kọ́ ló sọ fún mi, ńṣe ni mo fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, bí a bá sì tú àṣírí èrò kan, kò sí èrò mìíràn tí yóò fọkàn tán wa. Ó ní fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, ohun tó jẹ́ kí ó ṣòro fún mi nìyẹn. Nígbà tó lọ jẹun, mo yọ fọ́ọ̀mù náà nínú fáìlì, mo fi í sínú báàgì mi.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ilé Bàbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá jókòó sí pálọ̀, wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Màmá, ìyàwó wọn, ń di ata gígún àti gaàrí sínú agolo lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá bi mí láti ibẹ̀ bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn dáná nínú ọkọ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á máa fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀bà nínú yàrá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Sà, mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè tẹ́lẹ̀. Oògùn tí ẹ gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ta ló kọ́ ọ níbi tí Fìrítáùn wà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ẹni tó kọ́ ọ ni o wá kọ́ lónìí." Wọn kò pariwo. "Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, Morẹ́nikẹ́. Ibo lo fẹ́ kí n kú sí, orí bẹ́ẹ̀dì?"

Mo wo ilẹ̀, mo sọ ọ́.

"Ọ̀rọ̀ ikú kọ́ ni mo bá wá, sà. Ọ̀rọ̀ Màmá ni. Èrò méjìlá ni yóò wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn àfi ẹ̀yin méjèèjì. Ó lè tó ọjọ́ méjì láàárín omi kí wọ́n tó kan èbúté tí dókítà wà. Bí àyà bá fún yín, ta ni Màmá yóò ké sí?"

Ìró agolo dákẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá yọ sí wa, ata wà lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá Káyọ̀dé, oògùn wo?"

Bàbá ti ń sọ fún Màmá pé ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ń lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n yọ ìgò náà lápò, wọ́n gbé e lé orí máàpù. Màmá nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n mú ìgò náà, wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Wọn kò sunkún. Èmi ni wọ́n kọjú sí, wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ mìíràn wà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: ọkọ̀ ńlá kan yóò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, dókítà kan àti nọ́ọ̀sì méjì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wọ odò kankan, ọ̀ọ́kán ni wọn yóò ti máa rí ilẹ̀, tín-ín-rín bí òwú.

"Ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kí n rí etí òkun," ni Bàbá wí, "kí ni mo fẹ́ máa wò níbẹ̀?"

"Èmi," ni Màmá dáhùn.

Mo yọ fọ́ọ̀mù náà nínú báàgì, Bàbá gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa igi lé ohun tí mo kọ, wọ́n sì kọ òtítọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo mọ̀ lójú pátákó.

Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó bá wọn wá yàrá nínú ọkọ̀ ńlá náà. Láti ìgbà yẹn, n kì í fi ìkíni béèrè ìlera mọ́. Mo máa ń kí èrò tán, mo máa ń jẹ́ kó jókòó, kí n tó bi í ní ìbéèrè náà lọ́tọ̀, kí n sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí Èkó, mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá wọn ní gáréèjì. Bàbá gba àpòòwé náà láìwo ojú mi, wọ́n wọ iwájú mọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò dáhùn. Mo ń wá ibi tí n ó gbé ojú sí nígbà tí Màmá fà mí lọ sẹ́yìn mọ́tò, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn wo ẹrù, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Jẹ́ kí tíṣà rẹ bínú," ni wọ́n wí. "Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú."