Ọjọ́ Tí A Yí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Wa Padà

Ní nǹkan bí ọdún 1996, mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan nítòsí ààfin ní Ilé-Ifẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi í tẹ ìwé bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Ifẹ̀ jọ kó má baà parun. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ àmì ohùn. Bí mo bá tẹ iṣẹ́ jáde, bàbá á jókòó, á máa fi bírò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá wa obìnrin wá sọ pé ẹnjiníà ń bọ̀ wá fi ètò tuntun tó ń jẹ́ Windows sínú kọ̀ǹpútà wa. Mo bi í pé:

"Tó bá pa ìwé bàbá rẹ́ ńkọ́, mà?"

"Ayé ti lọ síwájú," ó dá mi lóhùn, "a ò lè jókòó sójú kan."

Mo kó gbogbo ìwé náà sínú dísìkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn náà, mo tún tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí, nítorí iná ń lọ, ó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹnjiníà dé tòun ti ìdì dísìkẹ́ẹ̀tì. Bàbá náà wá, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ẹnjiníà ń ti dísìkẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń kùn.

Nígbà tó ṣe, ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, ó ní àwọ̀ bí omi jíjìn. Mi ò rí ìwé wa. Mo di máòsì mú, ọfà ojú ẹ̀rọ sá lọ sí igun.

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ẹnjiníà wí fún mi. "Ó wà níbẹ̀."

Ó tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì, ìwé bàbá ṣí. Ọ̀rọ̀ kan ò sọnù. Ó wá fi lẹ́tà Yorùbá alámì ohùn tó gbà ní yunifásítì sínú rẹ̀, ó sì fi ibi tí màá máa tẹ̀ hàn mí. Mo lọ síbi tí a kọ "igba" sí lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí gbogbo wọn jọra. Mo fi àmì sí wọn: igba, igbá, ìgbà, ìgbá, igbà. Kálukú dúró pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Orí mi wú.

Bàbá dìde, ó kà wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé.

"Bá mi tẹ orúkọ ìyá mi," ó wí.

Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi àmì síbi tí ohùn rẹ̀ ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí i rí nínú ìwé títẹ̀ bí ará ilé ṣe ń pè é. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ẹnjiníà ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò lọ. Àwa mẹ́ta dúró níwájú ẹ̀rọ, à ń wo orúkọ obìnrin kan.