Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀yìn kì í ṣe ọkọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi nìyẹn lọ́jọ́ tó wa ọkọ̀ Jámánì rẹ̀ wọ àgbàlá wa ní Ìkàrẹ́, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ títí di òní. Ilẹ̀kùn méjì, àga méjì, ó parí. Téèyàn bá na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ògiri ló máa kàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní aláròyé, ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ tá a ní tẹ́lẹ̀, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni. Ó ti gbó, èéfín ń yọ nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé màmá mi láti Òkè Ọ̀kà lọ sí Epinmi lóṣooṣù, kí wọ́n lè lọ rí àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé, ẹni tó lọ́kọ síbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Epinmi. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Ó ta ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó fi owó ìfẹ̀yìntì kún un, ó sì lọ ra tòkunbọ̀ asáré tí àwòrán irú rẹ̀ ti wà lára ògiri yàrá rẹ̀ láti ìgbà tó wà nílé ìwé. Lásìkò yẹn, òrùlé ilé ìdáná wa ń jò sórí ààrò. Ó ṣì ń jò.

Ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbé báàgì mi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Báàgì aṣọ! Bí mo bá ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé nínú báàgì ọ̀hún, á ti pa ẹ́ńjìnnì. "Epo ń jó, Ìyá àwọn ọmọ." Ó pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá jókòó, ó pa ilẹ̀kùn dé, gbùú, ariwo àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá sì dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?" ó bi mí, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé.

Mo ní, "Mi ò gbọ́. Inú pósí náà máa ń dákẹ́ báyìí."

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù nìyí. Ní agboolé wa ní Ọ̀kà, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tuntun wálé, a kì í gbàdúrà sí i títí àgbà ilé á fi jókòó lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gá ń jókòó sí. Iwájú, ti ọmọ iṣẹ́ ni, àti ti ẹni tí wọ́n ṣàánú gbé lójú ọ̀nà. Màmá mi kò jókòó síwájú ọkọ̀ rí láyé wọn. Nítorí náà ọkọ̀ Jámánì wà níbẹ̀, oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó gbàdúrà sí i, màmá mi sì wà ní Òkè Ọ̀kà, wọn kò rí Epinmi.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Epinmi ṣubú lẹ́yìn ilé wọn, tí wọn kò sì lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Etí wọn ti ń di tẹ́lẹ̀. Bí màmá mi bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á kígbe títí gbogbo Òkè Ọ̀kà á fi gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ni kò ní gbọ́. "Ta ni yẹn? Ta ni?" Màmá mi á rọra gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á máa wo ọwọ́ ara wọn.

Mo ní kí n háyà ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n kọ̀.

"Kí àwọn ará ilé lè máa sọ pé ọkọ ọmọ mi gbé mọ́tò olówó iyebíye wálé, kò lè fi gbé mi? Rárá o. Mi ò ní dójú tì í."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń bò láṣìírí. Kò sì sóhun tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn ju kí àwọn méjèèjì tún fojú kan ara wọn.

Ọkọ mi ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ṣe iléèwé, Àlàájì kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù lọ́jà Ìkàrẹ́. Òun náà ní asáré tirẹ̀, ti Amẹ́ríkà, pupa fòò, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn bí ìbéèrè àna. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbàlagbà méjì yìí á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa, ọkọ̀ méjèèjì á wà níwájú wọn, wọ́n á máa jiyàn.

"Sílíńdà mẹ́jọ ni tèmi," Àlàájì á wí. "Mẹ́jọ! Tìẹ ńkọ́?"

"Mẹ́fà. Ọpọlọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ariwo ni tìẹ ń fi ṣe é."

"Ariwo kẹ̀? Bí mo bá ń kọjá, gbogbo ọjà ló ń jáde wá wò mí."

"Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ìlọgàrí ló bọ́ sójú títì ni."

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó, ìwọ tó o kàwé, dá ẹjọ́ yìí fún wa. Èwo ló níye lórí?"

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo dáhùn bí ọmọwé. Mo ní tó bá jẹ́ ti rírà, ti Amẹ́ríkà ló sàn: agbára tó wà nínú rẹ̀ ju ohun téèyàn fi rà á lọ, mẹkáníìkì wa gan-an sì lè tú u wò láìsí pé ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n epo tó ń mu, Ọlọ́run ló mọ̀. Ti Jámánì kì í mu epo púpọ̀, ó sì mọ́ lọ́wọ́, àmọ́ bí ìdè kékeré kan bá já nínú rẹ̀, Èkó la ti máa ránṣẹ́. Mo ní, "Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Èwo nínú wọn ló lè gbé ìyá mi dé Epinmi?"

 Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Àlàájì na ọwọ́ sí ọkọ̀ pupa rẹ̀, ó ní, "Tèmi ní ẹ̀yìn."

Bó ṣe di pé ọkọ̀ méjèèjì gbéra lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Èmi wà nínú ti ọkọ mi. Lẹ́yìn Àkùngbá, níbi tí ọ̀nà ti na tàn-ràn, Àlàájì fọn fèrè, ó já wa sílẹ̀ bí ìbọn. Mo wo ọkọ mi. Kò yára. Ó ní, "Jẹ́ kó dé orí òkè."

Ẹni tó bá ti gun òkè Ọ̀kà rí mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ kò fẹ́ ẹni tó ń kánjú. Àpáta ń bẹ lápá kan, ọ̀gbun ń bẹ lápá kejì, kọ́ọ̀nà ń tẹ̀lé kọ́ọ̀nà. A bá Àlàájì níbẹ̀, ìdí ọkọ̀ pupa ń fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà ní gbogbo kọ́ọ̀nà, ó wá ń rọra wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Tiwa ń yí bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọ̀dà. Omi inú ife tí mo gbé lé itan kò dà. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́, mo rí i.

Màmá mi ti múra. Gèlè wọn ga, ìborùn wà léjìká, iṣu àti epo tí wọ́n fẹ́ gbé fún àbúrò wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì ti àga iwájú síwájú, ó fi ẹ̀yìn hàn wọ́n. Wọ́n ti ẹsẹ̀ kan wọlé. Orí wọn kan òrùlé, gèlè ṣí. Wọ́n fi ìdajì ara jókòó, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Àlàájì ọmọ mi, ta ni wọ́n ṣe ibí yìí fún?"

"Àwọn ọmọdé ni, Màmá."

"Àwọn ọmọdé tí kò lẹ́sẹ̀?"

A fà wọ́n jáde bí ẹni ń wa iṣu tí kò fẹ́ kó ṣẹ́. Wọ́n di òpó ilé mú, wọ́n ń mí. Wọ́n wá wo ọkọ̀ Jámánì. "Ìwọ ńkọ́, àna mi? Ẹ̀yìn tìẹ dà?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Màmá, kò ní. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Mo ṣí ẹnu. Gbogbo ẹjọ́ tí mo ti tò láti ọjọ́ yìí wá ti dé ètè mi, láti orí òrùlé ilé ìdáná dé orí báàgì. Màmá mi kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Pa ẹnu dé, ìwọ. Ẹjọ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n kò ní táyà tó máa gbé mi dé Epinmi." Wọ́n na ọwọ́ sí ọkọ mi. "Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí. Ṣí iwájú fún mi. Àbúrò mi ò ní bi mí ní ibi tí mo jókòó sí."

Báyìí ni màmá mi ṣe jókòó síwájú ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Búùtù ọkọ̀ Jámánì kò gba ju àpò kan lọ, nítorí náà iṣu jókòó síwájú lọ́dọ̀ Àlàájì, a fi bẹ́líìtì dì í, èmi tí mo gboyè yunifásítì sì wà lẹ́yìn, eékún mi lábẹ́ àgbọ̀n. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo gèlè màmá mi níwájú. Ọwọ́ wọn ń nà sọ́tùn-ún, ó ń nà sósì. Ọkọ mi ń rìn jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi ya afẹ́fẹ́ sí méjì, àwọn ọlọ́kadà tó di ògèdè ń yà á sílẹ̀.

Ọ̀nà tó yà wọ ilé Ìyá Epinmi kò ní ọ̀dà. Òkúta ni. Àlàájì dúró ní ìkóríta, ó ní òun kò lè fi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òun ha àpáta, ó ru iṣu lórí, èmi àti òun sì fẹsẹ̀ rìn. Mo rò pé ọkọ mi náà á dúró. Kò dúró. A ń gbọ́ ọ bí irin ṣe ń ha òkúta, gaaaa, ó dákẹ́, gaaaa. Ẹni tí kò jẹ́ kí n gbé báàgì aṣọ lé e. Kò bojú wẹ̀yìn, ó wà á débi ẹsẹ̀ ilé.

Wọ́n gbé Ìyá Epinmi jáde lórí àga rọ́bà. Ṣùgbọ́n àga ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí màmá mi kò fi lè dìde nínú rẹ̀. Ọ̀kan kò lè jáde, ọ̀kan kò lè rìn. Wọ́n ń na ọwọ́ síra wọn, wọ́n ń sunkún.

Ọkọ mi ló ronú kàn án. Àlàájì gbé iṣu kalẹ̀, àwọn méjèèjì gbé Ìyá Epinmi, wọ́n rọra fi wọ́n sí àga awakọ̀. Oòrùn mú, nítorí náà ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí atẹ́gùn tútù lè fẹ́ sí wọn, gíà wà ní páàkì, ó dúró ti ilẹ̀kùn. Ó pa á dé, gbùú.

Mo ń wò wọ́n láti inú gíláàsì. Màmá mi tẹ̀ sétí àbúrò wọn, wọ́n sọ nǹkan kan. Kì í ṣe igbe. Ẹnu wọn kò là púpọ̀. Ìyá Epinmi yí ojú padà, wọ́n lanu, wọ́n sì dáhùn. Kì í ṣe "Ta ni?" Wọ́n gbọ́. Nínú ọkọ̀ kékeré tí ariwo ayé kò wọ̀ yẹn, wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n di sítiárìn mú, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, a kò gbọ́ nǹkan kan níta.

Nígbà tó yá, màmá mi sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n pè mí. "Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà Epinmi lẹ́wà? Ìpàkọ́ àwọn dírẹ́bà ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí." Wọ́n tún gbé e sókè.

Àlàájì ṣí fìlà rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. "Ká sọ pé tèmi ni, ẹ́ńjìnnì ì bá ti bo ohùn wọn. Àwọn Jámánì mọ ilẹ̀kùn ṣe. Ilẹ̀kùn nìkan o!"

 Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ wo abẹ́ ọkọ̀, ó tún dìde láìwò ó. Ó bojú wò mí, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ti lọ. Èmi ni mo dúró nínú oòrùn Epinmi tí kò síbi tí mo lè jókòó. Gbogbo rẹ̀ ni mo rántí, mi ò gbàgbé ẹyọ kan.

Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo lọ dúró tì í. Epo ń jó. Kò sẹ́ni nínú wa tó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.