Ìyá Jẹ́jẹ́ Parí Fíìmù fún Wọn

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Jẹ́jẹ́ fi gbálẹ̀ ní ilé sinimá tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tó bá ń gbá gúgúrú lábẹ́ àga, èèrà pàápàá kì í gbúròó rẹ̀.

Fíìmù ò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́ lójú mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé fíìmù kan ń bọ̀, tí wọ́n ṣe látinú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ìtàn arúgbó ahunṣọ àti dírágónì tó gbé odò mì, ńṣe ló dúró gbagidi. Bàbá rẹ̀, káfíńtà inú ọkọ̀ òkun, ti mú ìwé ìtàn yẹn bọ̀ láti ìdálẹ̀ fún un rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Wọ́n jọ kà á títí ẹ̀yìn ìwé fi já.

Owó tí wọ́n ná sórí fíìmù yìí, àfi bí ẹni fẹ́ kọ́ odindi ìlú. Lọ́jọ́ tó jáde, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ kó lè bá a wò ó. Màmá wọ bàtà tó fi ń lọ sí ìgbéyàwó. Wọn ò tíì wò ó dé ìdajì tó ti fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ti sọ arúgbó di ọmọge tó ń fi idà oníná jà! Òkè ń wó, iná ń sọ, nígbẹ̀yìn ó bẹ́ dírágónì lórí.

"Màámi, kò dáa ni?"

"Ojú mi yó, ọmọ mi. Inú mi ni ebi ṣì ń pa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èrò kún fọ́fọ́. Dírágónì ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kú pii. Máníjà jáde, òógùn bò ó, ó ní ẹni tó máa tún un ṣe di ọ̀la. Háà! Ariwo sọ.

"Báwo ló ṣe wá parí?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní òun ò mọ ohun tó gbé òun, ẹsẹ̀ òun kàn ń lọ ni. Ó gun orí pèpéle.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ ibi tó parí sí."

"Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ sókè!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dákẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́ lóòótọ́.

Ó ní kò sí idà kankan nínú ìtàn náà gan-an, bí òun ṣe kà á nínú ìwé. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ló mú abẹ́rẹ́ àti òwú lọ síbi tí àwọn ọmọ ogun ti sá bọ̀. Nígbà tí dírágónì bú ramúramù, òun nìkan ló béèrè pé, "Kí ló ń dùn ọ́?" Àṣé egbò ọ̀kọ̀ ló wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rán an. Ẹranko náà ń sunkún, omi tó gbé mì ń gba ojú rẹ̀ jáde, títí odò fi kún padà.

Ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀ níwájú nu ojú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé egbò náà jinná?"

"Ó jinná, ọkọ mi. Àpá ló kù."

Ni gbogbo ilé bá dìde, àtẹ́wọ́ ń rọ̀ bí òjò lórí páànù.

"Ọdún mọ́kànlá lẹ ti wà lọ́dọ̀ wa, mi ò mọ̀ pé ẹ ní irú èyí nínú!" ni máníjà wí.

"Ṣé ẹ béèrè ni?"

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ń pìtàn lórí pèpéle yẹn. Fíìmù olówó ńlá kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Tirẹ̀ ti lé lọ́dún méjì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri níta, gàdàgbà. Ní Sátidé tó kọjá, àwọn tó dúró pọ̀ ju àwọn tó ríbi jókòó lọ.