Rédíò Etí Àbúrò Mi

Ṣọ́jà ni àbúrò mi ọkùnrin, ó wà lára àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ igbó lókè Ọya. Nígbà tó gba ìsinmi wá sílé ní Okumagba Layout, ọ̀rọ̀ rédíò tuntun ni kò jẹ́ ká sinmi. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló ń gbé rédíò fún gbogbo wọn, àwọn yòókù á máa pariwo síra wọn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe kú nìyẹn: wọ́n ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, kò gbọ́. Ní báyìí, kálukú ti ní tirẹ̀ létí, ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí wà lẹ́bàá ẹnu, ọwọ́ méjèèjì sì wà lára ìbọn.

"Mama, even if person whisper, I go hear am." Yorùbá yé e dáadáa, Pidgin ló kàn fi ń dá wa lóhùn láti kékeré.

Inú màmá wa dùn. Ìlàjẹ ni, etí omi ni wọ́n bí i sí. Òun ló kọ́ wa pé tí a bá gbọ́ orúkọ wa tí a ò rí ẹni tó ń pè, a ò gbọdọ̀ dáhùn. Ká dìde lọ wo ẹni náà. Nítorí náà, nígbà tó pe ọmọ rẹ̀ láti ilé ìdáná tí kò fọhùn, ńṣe ló ń yangàn.

"Iṣẹ́ ṣọ́jà ò ba ọmọ mi jẹ́."

Àwa méjèèjì ò tiẹ̀ rò ó pé kò dìde.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí Jakpa Road. Onímàrúwá kan ń tẹ fèrè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kò sì yà. Èmi ni mo fà á lápá. Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé etí òun ò gbọ́ràn mọ́. Bọ́ǹbù kan ló bú gbàù nítòsí wọn, láti ìgbà náà ẹnu wa ló ń wò tí a bá ń sọ̀rọ̀. Níbi iṣẹ́, ó yí ohùn rédíò dé òpin, kò sẹ́ni tó fura.

Bí a ṣe délé ni mo sọ fún màmá. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, pé kó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, kó má padà sínú igbó.

"Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ́ látẹ̀yìn, ṣé ó máa fi rédíò sọ fún ẹ pé òun ń bọ̀?"

Àbúrò mi gbé màmá dìde. Mo kórìíra rédíò yẹn lọ́jọ́ náà.

Àárọ̀ tó máa lọ, a tún bẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹnu wa títí a fi parí.

"Mama, na only inside that radio I still dey hear person. For this house, una just dey open mouth."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kúrò lẹ́nu wa, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

"Ohùn tèmi ńkọ́?" ni màmá bi í.

Ó ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ.