Èjìká Ọ̀tún Mi

Ara mi kì í balẹ̀. Nínú ilé mi ní Jẹ́dà, mo máa ń fò dìde lórí àga bí ẹni tí ìdun ń jẹ, màá lọ sójú fèrèsé, màá padà. Màá yẹ fóònù wò, màá dà á dojú dé, màá tún gbé e. Ìyá mi ní àfi bíi pé ojú ọ̀nà ni òun bí mi sí. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn gidi ni, nínú ìlú Mẹ́kà.

Bàbá tó bí ìyá mi ló kúrò ní Ìwó wá ṣe hájì, tí kò padà sílé mọ́. Àdúgbò At-Tandabáwì ní Mẹ́kà ni wọ́n bí ìyá mi sí, àdúgbò Al-Hujúnì níbẹ̀ náà ló ń gbé báyìí. Yorùbá ló fi tọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Lárúbáwá ni mo fi ń dá a lóhùn. Nígbà tí ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Tẹ́sáàsì ní Amẹ́ríkà mú mi lọ sọ́dọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà pàdé, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí àwọn ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn fi ń kọlu ara wọn. Kọ́tábaàkì ni wọ́n fi mí ṣe. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù fún, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò jù ú sí kí àwọn òmìrán yẹn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ni. Ó bá mi mu wẹ́kú.

Mo ju bọ́ọ̀lù ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo jù ú ní yunifásítì, ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó sì gbà mí. Orí bẹ́ńṣì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò mi níbẹ̀, ìjókòó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọjọ́ tí wọ́n wá ní kí n wọlé, inú mi ń dùn ṣìnkìn títí òmìrán kan fi gbé mi, tó fi èjìká ọ̀tún mi lu ilẹ̀ kí ara mi yòókù tó débẹ̀. Àwọn dókítà là á. Wọ́n tún un là. Lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ náà ní kí n máa lọ sílé, àwọn yóò pè mí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó pè.

Mo padà sí ilẹ̀ Lárúbáwá, mo dó sí Jẹ́dà. Ilé-ìwé aládàáni kan gbà mí fún ìgbà díẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù náà, irú èyí tí kò ní ìkọlù, tó jẹ́ pé aṣọ pélébé ni wọ́n ń fà yọ ní ìbàdí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kí n di tiwọn pátápátá, kí wọ́n gba ìkáámà mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú, sábẹ́ orúkọ wọn. Ó bi mí títí ó sú u. Ó wá ní kí n fèsì kó tó di ọjọ́ Àìkú, àbí kí òun wá ẹlòmíràn. Bí mo bá fọwọ́ sí i, tí Amẹ́ríkà bá wá pè ńkọ́?

Ìyá mi ló sì ń koná mọ́ ọn. Gbogbo Jímọ̀ ló ń lọ sí Hárámù, mọ́sálásí ńlá tó yí Kaába ká, lọ bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n pè mí padà. Mo sọ fún un pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún mi, pé ìgbà bọ́ọ̀lù mi ti parí. Ó ní dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Àdúrà yẹn máa ń bí mi nínú gan-an. Mo ti pariwo mọ́ ọn rí pé kó yọ orúkọ mi kúrò nínú àdúrà rẹ̀. Ó ní èmi kọ́ ni òun ń bá sọ̀rọ̀, Ẹlẹ́dàá òun ni.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ní kí n wá ṣe úmúrà, hájì kékeré, kí òun lè dì mí lọ́wọ́ mú ṣe tawááfù, yíyí Kaába ká nígbà méje, nítorí orúnkún ń da òun láàmú. Mo wọ aṣọ ìhrámù láti ilé, aṣọ funfun méjì tí a kò rán, mo wakọ̀ lọ gbé e. Nígbà tí a wọ àárín èrò, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àyè nìyí, ó ń dí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń ṣí. Mo fi ara bo ìyá mi, mo ń darí rẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó gbá a. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

“Èjìká ẹ,” ó ní.

Mo ti fi aṣọ bo méjèèjì.

“Ọkùnrin kì í bo èjìká ọ̀tún tó bá ń ṣe tawááfù úmúrà. Ìwọ tí wọ́n bí sí Mẹ́kà!”

“Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Yállà, ó yá, ṣí i.”

Kò dúró dè mí. Ó fa aṣọ náà gba abẹ́ apá mi, ó jù ú sí èjìká òsì, bó ṣe máa ń wọṣọ fún mi ní kékeré.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àpá kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ó sọ̀ kalẹ̀ síwájú. Òmíràn gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹran ibẹ̀ ti jìn wọnú. Ìyá mi dúró gbagidi, èrò sì ń tì wá.

“Èyí lo pè ní iṣẹ́ abẹ kékeré?”

“Màámi, ẹ má dúró, wọ́n á tì yín ṣubú.”

Ó tẹ̀lé mi. Ẹnu rẹ̀ tó ti ń mì fún àdúrà dákẹ́. A yí Kaába ká lẹ́ẹ̀kan, ó kàn di apá mi mú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé ibi tí wọ́n ti ṣe ọmọ mi báyìí ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá a padà sí?”

Ó gbé ọwọ́ sókè. “Olúwa, mo gba àdúrà yẹn padà. Má dá a lóhùn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pè é.”

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo na ọwọ́ láti fa tirẹ̀ wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń bá a jà, orí àdúrà yẹn ni mo fara tì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ṣì ń bẹ̀, wọ́n ṣì lè pè.

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màámi.” Mo ti ń sunkún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á padà.”

Ó wò mí. “Ìwọ náà ṣì ń retí wọn?”

Mo fi etí aṣọ ìhrámù nu omijé mi.

“Ó dáa. Kaába rèé níwájú ẹ. Bẹ Ọlọ́run fúnra ẹ.”

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ti òsì lọ. Ti ọ̀tún dúró ní àyà, kò lọ mọ́. Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìgúnpá mi, ó rọra ń tì í sókè, ó ń tì í, ìrora sì wọ̀ mí dé eyín.

“Ó tó, Màámi,” mo ní. “Ó tó. Màá sọ fún ilé-ìwé pé mo gbà.”