Òṣùká Tí Wọ́n Ń Já Gbà Lọ́nà Odò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Inísà, eré la ka òṣùká jíjá gbà sí. Ẹ má rò pé ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà o. Oko bàbá mi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó fi mí sí iléèwé. Irùngbọ̀n ti fẹ́ máa yọ lágbọ̀n mi ní ìwé kẹrin. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ti wà ní ìwé kẹfà ní tirẹ̀. Òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò. Á ní, "Bọ̀dá, ẹ tún ti gbàgbé èyí tí ẹ mú dání," á sì fi mí rẹ́rìn-ín. Iléèwé girama kan ní Ìkìrun ló ń fojú sọ́nà fún. Bàbá wa ti ṣèlérí rẹ̀ fún un.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kànga wa a máa gbẹ, àwọn ọmọbìnrin á sì lọ pọnmi lódò Ọ̀tìn kí wọ́n tó lọ sí iléèwé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa jókòó lábẹ́ igi máńgòrò kan lójú ọ̀nà. Bí ọmọbìnrin bá ń kọjá, ọ̀kan nínú wọn á já òṣùká rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ padà yóò bẹ̀ títí, yóò máa sá tẹ̀ lé wọn. Àwọn àgbà tó ń lọ sóko á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá já òṣùká ọmọbìnrin gbà, ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi kò bẹ̀. Ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin tó já tirẹ̀ gbà máa gbé e lọ sílé, kó lọ fi ṣe ìrọ̀rí. Àwọn yòókù fi ọ̀rẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí i, ó gbá ọwọ́ àbúrò mi mú, ó ń wọ́ ọ lọ sínú igbó. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò ló gbà á sílẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ iléèwé tó ya léjìká, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Kò sunkún.

Ìyá wa bi í pé kí ló dé tó fi dá lọ. Bàbá wa bi í pé kí ló sọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá àgbà ilé kejì náà dá sí i: "Ṣé torí òṣùká ni gbogbo ariwo yìí? Wọ́n já tiwa náà gbà, a kò kú."

Nírọ̀lẹ́, bàbá ọ̀dọ́kùnrin náà gbé iṣu ńlá kan wá láti fi bẹ̀bẹ̀.

"Ọmọdé ni wọ́n," ló wí. "Tèmi ló ṣeré àṣejù."

"Tèmi náà ló lẹ́nu bí abẹ," ni bàbá mi dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ ò tíì bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n ní kó wọlé lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin náà tún wà lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Àbúrò mi ni wọ́n mú kúrò níléèwé. Bàbá wa ní bí odò tó wà nítòsí bá rí báyìí, ọ̀nà Ìkìrun ti jìn jù fún ọmọbìnrin. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa ní Òkukù, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Ó rò pé ààbò lòun ń ṣe. Bí a ti máa ń ṣe nìyẹn: ajá ló buni jẹ, àgùntàn la so mọ́lẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, iléèwé Ìkìrun yẹn náà ni wọ́n rán mi lọ. Ọ̀nà kò jìn mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún sí i, lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, àbúrò mi wá ń bá mi gbé. Ìgbà náà ni mo tó bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ti odò ti kúrò lára mi. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lórí iṣu yẹn ni kò kúrò."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ omi ti wà ládùúgbò, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì ru omi lórí rí. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn ọmọkùnrin tó ń já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin, tí wọ́n ń nà án sókè pé kó wá bẹ̀. Láìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa sọ̀rọ̀ nípa irú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní, "Eré la ń ṣe, mà."

Nọ́ọ̀sì náà bi í pé, "Ta ló ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ìbéèrè náà kò le. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó bi àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò yẹn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bi àwọn àgbà tó jókòó ti iṣu.

Mo délé, mo ròyìn fún àbúrò mi. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ṣé àwọn ọmọkùnrin wà níbẹ̀?"

Mo ní wọ́n wà níbẹ̀, pé àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà bá wí jù.

"Ó dáa nígbà náà," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ iléèwé ló ń rán.